Ṣé kí n tún lọ fa ẹsẹ̀ yìí ni? Ìdáhùn fún agbábọ́ọ̀lù tí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rọ́ lemọ́lemọ́

Ìbéèrè: Ẹ ǹlẹ́ o, Àǹtí Físíò. Ọmọ ọdún 24 ni mí, Ìbàdàn ni mò ń gbé. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, mo fò láti fi orí kan bọ́ọ̀lù, ibi tí mo ti ń balẹ̀ ni ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ti rọ́. Ó wú gan-an. Wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó máa ń fa ẹsẹ̀ ládùúgbò wa. Bàbá fi àdín àti òrí ra á, wọ́n fà á, gbogbo wa gbọ́ "kọ́!", wọ́n ní eegun tó yẹ̀ ti padà sáyè rẹ̀. Ara tù mí lóòótọ́, mo sì fi ẹsẹ̀ ara mi rìn jáde. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ó ti tún rọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí mo bá sì ń rìn lórí ilẹ̀ gbágungbàgun, ṣe ló máa ń ṣe mí bíi pé ó fẹ́ yẹ̀. Àwọn kan ní bàbá yẹn ò fà á délẹ̀. Ṣé kí n tún lọ fà á lọ́dọ̀ ẹlòmíràn ni? Ìpara wo ló sì dáa jù tí mo lè máa fi pa á, torí ìdíje àdúgbò wa ku ọ̀sẹ̀ méjì?

Ìdáhùn: Rárá. Má lọ fà á lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe pé bàbá àkọ́kọ́ ò fà á délẹ̀. Kò sí ohun tó yẹ kí wọ́n fà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àbúrò mi, má bínú pé mo fi ohùn líle bẹ̀rẹ̀. Irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ lọ́dọ̀ mi débi pé mi ò tíì ka tìrẹ dé ìdajì tí mo ti mọ ibi tó ń lọ. Orúnkún ni ti àwọn kan, èjìká ni ti àwọn mìíràn, ẹ̀yìn ni ti àwọn ìyá wa, àmọ́ ìtàn kan náà ni: nǹkan yẹ̀, ẹnì kan fà á, ó dún, ó padà. Màá dé orí ọ̀rọ̀ ìpara nísàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ "eegun tó yẹ̀" yìí ni kí á kọ́kọ́ yanjú, torí òun ni kò jẹ́ kí o tíì bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú gidi láti oṣù mẹ́rin.

Wo ọrùn ẹsẹ̀ rẹ báyìí. Eegun méjì ló ti orúnkún sọ̀ kalẹ̀ wá síbẹ̀: èyí tó nípọn ni eegun ojúgun, èyí tó tínrín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òde. Ìdí àwọn méjèèjì ló yọ síta tí à ń pè ní kókósẹ̀, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lóde. Eegun kan tí àwọn oníṣègùn ń pè ní talus há sáàárín wọn, òun ló jókòó lórí eegun gìgísẹ̀. Fọwọ́ kan kókósẹ̀ méjèèjì, wàá rí i pé ti òde sọ̀ kalẹ̀ ju ti inú lọ. Ìdí kan nìyẹn tó fi rọrùn fún àtẹ́lẹsẹ̀ láti yí sínú ju kó yí síta lọ. Ìdí kejì ni lígámẹ́ńtì, ìyẹn okùn líle tó so eegun mọ́ eegun. Ti apá inú nípọn, ó sì lágbára gan-an. Ti apá òde jẹ́ mẹ́ta, wọ́n sì tẹ́ẹ́rẹ́. Èyí tó wà níwájú nínú àwọn mẹ́ta yìí, tó ti kókósẹ̀ òde lọ sára talus, ló sábà máa ń kọ́kọ́ já.

Nígbà tí o fò tí o sì ń balẹ̀, ìka ẹsẹ̀ rẹ dojú kọlẹ̀. Talus fẹ̀ níwájú ju ẹ̀yìn lọ. Tí ẹsẹ̀ bá dojú kọlẹ̀ báyẹn, ibi tó tínrín lára rẹ̀ ló máa wà láàárín kókósẹ̀ méjèèjì, kò ní há mọ́ bó ṣe há nígbà tí o dúró gbọnrangandan. Ọrùn lígámẹ́ńtì ni gbogbo iṣẹ́ wá kù sí. Bóyá o balẹ̀ sórí bàtà ẹlòmíràn ni o, bóyá inú kòtò ni, àtẹ́lẹsẹ̀ yí sínú, okùn yẹn nà kọjá agbára rẹ̀, ó já díẹ̀ tàbí kó já tán. Ẹ̀jẹ̀ àti omi ara ya lọ síbẹ̀, ó wú. (Ohun kan náà ló ń ṣe àwọn obìnrin tó wọ bàtà gogoro lọ sóde ìnáwó: bàtà ti dojú ẹsẹ̀ wọn kọlẹ̀ kí wọ́n tó kúrò nílé.) Nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, eegun kankan ò kúrò láyè rẹ̀.

Tí ọrùn ẹsẹ̀ bá yẹ̀ ní tòótọ́, kò sí pé à ń wádìí lọ́dọ̀ bàbá kankan. Ẹsẹ̀ á kọjú síbi tí ẹsẹ̀ kì í kọjú sí, gbogbo ẹni tó wà lórí pápá á rí i, àwọn mìíràn á gbójú kúrò. Ó sì ṣọ̀wọ́n kí ọrùn ẹsẹ̀ yẹ̀ kí eegun kan má ṣẹ́ mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ ọsibítù kíákíá nìyẹn, torí pé eegun tó yẹ̀ lè dí ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ẹsẹ̀ lọ́wọ́. Ìwọ rìn jáde lọ́dọ̀ bàbá lẹ́yìn tí wọ́n fà á. Ẹni tí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ kì í rìn jáde.

Kí ló wá dún "kọ́"?

Afẹ́fẹ́ ni. Omi kan wà nínú oríkèé, ó ń jẹ́ kí eegun máa yọ̀ lórí ara wọn, afẹ́fẹ́ sì ti yọ́ sínú omi náà. Tí ẹnì kan bá fa oríkèé lójijì, àyè inú rẹ̀ á fẹ̀ sí i, agbára tó tẹ omi náà mọ́lẹ̀ á dín kù, afẹ́fẹ́ á jáde kúrò nínú omi bí ìgbà tí a bá ṣí ìgò mínírà. Ní 2015, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Alberta ní Kánádà fi ìka ọwọ́ ẹnì kan sínú ẹ̀rọ MRI, tó ń ya àwòrán inú ara, wọ́n ń fà á, wọ́n sì ń ya àwòrán rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fà á. Ní ìṣẹ́jú àáyá tó dún gan-an, ihò afẹ́fẹ́ yọ láàárín oríkèé. Àríyànjiyàn ṣì wà láàárín àwọn onímọ̀ pé ṣé ìgbà tí ihò náà ń ṣí ló ń dún ni àbí ìgbà tó bá ń wó. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó sọ pé eegun tó ń padà sílé ló ń dún.

Ìwọ náà lè dán an wò. Fa ìka ọwọ́ rẹ kan báyìí. Ó dún, àbí? Ṣé ìka rẹ yẹ̀ lánàá ni? Tún un fà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kò ní dún, àfi tí o bá ní sùúrù fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kí afẹ́fẹ́ tó yọ́ padà sínú omi. Dókítà kan wà ní Amẹ́ríkà, Donald Unger, tó ń fa ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ lójoojúmọ́ fún ohun tó lé ní 60 ọdún, tí kò sì fa tọwọ́ ọ̀tún, torí pé ìyá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un pé àrùn oríkèé á mú un. Nígbà tó wo ọwọ́ méjèèjì, kò rí ìyàtọ̀. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Ig Nobel ní 2009, ẹ̀bùn tí wọ́n ń fi pa èèyàn lẹ́rìn-ín kí wọ́n tó mú un ronú. Ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ò tó láti fi gbé òfin kalẹ̀, mo mọ̀, àmọ́ ó tó láti fi bá ẹni tó ń bẹ̀rù ariwo oríkèé sọ̀rọ̀.

O ní ara tù ọ́ lóòótọ́. Mo gbà ọ́ gbọ́. Fífọwọ́ ra ibi tó ń dunni máa ń dín ìrora kù fúngbà díẹ̀, torí pé ọpọlọ gba iṣẹ́ tuntun láti ara awọ ara, ó sì dín etí tó ń fi sí ìrora kù. Ọkàn rẹ tún balẹ̀ pé wọ́n ti rí ohun tó ṣe ọ́, wọ́n sì ti tún un ṣe. Ẹsẹ̀ tó rọ́ sì máa ń sàn fúnra rẹ̀ dé ìwọ̀n kan: kó tó ọ̀sẹ̀ méjì, èyí tó pọ̀ jù nínú wíwú náà ti máa ń lọ, ẹni náà á máa rìn. Ẹni yòówù tó bá fọwọ́ kàn ọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ló máa gba ọpẹ́, ì báà jẹ́ bàbá, ì báà jẹ́ èmi.

Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé tí okùn bá já díẹ̀, tí o sì fà á, o lè mú un já sí i. Tí eegun bá sì ti lanu, tí kò sẹ́ni tó ya X-ray, fífà lè mú kí ẹnu rẹ̀ jìnnà síra. Èyí tó máa ń mú inú bí mi jù ni igi àti aṣọ tí wọ́n á fi di ẹsẹ̀ tó wú pinpin. Ẹsẹ̀ ṣì ń wú, ìdè ò sì rọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ò lọ mọ́, ìka ẹsẹ̀ dúdú, ó tutù, ó kú. Àwọn dókítà ní ọ̀pọ̀ ọsibítù ilẹ̀ wa ti gé ẹsẹ̀ ọmọdé nítorí irú ìdè bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ tó jẹ́ pé POP, ìyẹn ìdè funfun líle tí ọsibítù ń fi di eegun, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ì bá wò ó sàn. Mi ò ní gbogbo àwọn tó ń to eegun ni kò mọ nǹkan kan. Àwọn kan nínú wọn mọ ibi tí agbára wọn mọ, wọ́n á ní kí o kọ́kọ́ lọ ya fọ́tò eegun wá. Ẹni tí kò bá bèèrè fọ́tò, tó kàn ń fà, sá fún un.

Ó wá ku ìdí tó fi ń rọ́ lemọ́lemọ́. Lígámẹ́ńtì kì í ṣe okùn lásán. Àwọn fọ́nrán tó ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ wà nínú rẹ̀, àwọn ló ń sọ fún ọpọlọ bí ẹsẹ̀ ṣe dúró nínú òkùnkùn, nínú bàtà, lórí òkúta. Nígbà tó já, iṣẹ́ yẹn dàrú pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn iṣan tó wà ní ìta ojúgun rẹ, tó yẹ kí wọ́n fa àtẹ́lẹsẹ̀ padà síta tó bá fẹ́ yí sínú, kò tètè gbọ́ mọ́, wọ́n sì tún ti rọ nítorí ọjọ́ tí o fi ń tiro. Ní 1965, dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì kan, M. A. R. Freeman, kọ̀wé lórí irú ẹsẹ̀ báyìí tó ń ṣe bíi pé ó fẹ́ yẹ̀. Ó ní kí àwọn aláìsàn rẹ̀ máa dúró lórí pákó tó ń mì, bí ẹsẹ̀ ṣe ń ṣe bíi pé ó fẹ́ yẹ̀ yẹn sì dín kù lára wọn. Kò fa ẹnikẹ́ni. Títí di òní, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìdúró ni ìtọ́jú tí ẹ̀rí rẹ̀ lágbára jù fún ọ̀rọ̀ tìrẹ yìí.

Tí o bá ń wo bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ti Amẹ́ríkà, o mọ Stephen Curry. Ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún fẹ́rẹ̀ẹ́ ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní 2011, wọ́n tún ṣe é ní 2012. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú un gbé irin, tí wọ́n kọ́ ìbàdí àti itan rẹ̀ láti máa gba ẹrù tí ọrùn ẹsẹ̀ nìkan ń gbé tẹ́lẹ̀. Ó gba ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù ní NBA ní 2015 àti 2016. Owó tí wọ́n ná lé e lórí kò sí lọ́wọ́ èmi àti ìwọ, àmọ́ iṣẹ́ tó ṣe, ilé ni a ti lè ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀.

Kó o tó bẹ̀rẹ̀, rí i dájú pé eegun kò ṣẹ́. Òfin kan wà tí àwọn dókítà ìlú Ottawa ní Kánádà gbé jáde ní 1992, a ṣì ń lò ó káàkiri ayé. Tẹ ẹ̀yìn kókósẹ̀ òde àti ti inú, láti ṣóńṣó rẹ̀ lọ sókè ní sẹ̀ǹtímítà 6. Tẹ eegun tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òde ẹsẹ̀, láàárín gìgísẹ̀ àti ìka tó kéré jù. Tẹ eegun kékeré tó wà níwájú kókósẹ̀ inú. Tó bá jẹ́ pé orí eegun gan-an ló ń dùn ọ́, tàbí tí o kò lè gbé ìṣísẹ̀ mẹ́rin lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ àti nígbà tí wọ́n ń yẹ̀ ọ́ wò, lọ ya X-ray. Tí kò bá sí ìkankan, ó ṣọ̀wọ́n gan-an kí eegun ṣẹ́. Òfin yìí kì í ṣe fún ẹni tó ti mutí yó o, kì í sì í ṣe fún ẹni tí àtọ̀gbẹ ti jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kú, torí àwọn yẹn lè máà mọ ìrora. Àwọn ọmọ tó ṣì ń dàgbà náà, ẹ gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ibi tí eegun wọn ti ń ga sí i kò tíì le, ohun tó máa já lígámẹ́ńtì lára àgbàlagbà lè lu eegun lára wọn. Fún ìwọ, lẹ́yìn oṣù mẹ́rin tí ó ti rọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo fẹ́ kí ẹnì kan fojú rí ẹsẹ̀ náà kó sì fọwọ́ kàn án. Ìbàdàn lo wà, UCH, ọsibítù ńlá ibẹ̀, ò jìnnà sí ọ. Èmi ò rí ọ, ohun tí mo ń kọ síbí kò lè dípò àyẹ̀wò.

Ìpara. Kò sí ìkankan tó ń wo lígámẹ́ńtì sàn. Mẹ́ńtọ́ọ̀lù àti àwọn èròjà mìíràn inú wọn ń mú kí awọ ara gbóná tàbí kó tutù lójú ọpọlọ, ìrora á fara pamọ́ díẹ̀, ìyẹn náà kò burú tó bá jẹ́ kí o sùn. Pa èyí tí apá rẹ bá ká. Ṣùgbọ́n má fi omi gbígbóná, má fi ìpara gbígbóná fọwọ́ ra ẹsẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ́ láàárín ọjọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́, wíwú á pọ̀ sí i ni. Omi dídì ńkọ́? Dókítà Gabe Mirkin ní Amẹ́ríkà, tó kọ ọ́ ní 1978 pé kí á sinmi, kí á fi yìnyín sí i, kí á dì í, kí á gbé ẹsẹ̀ sókè, fúnra rẹ̀ sọ ní 2014 pé yìnyín lè fa ìwòsàn sẹ́yìn. Èmi ṣì ń gbà kí àwọn èèyàn fi píọ̀ wọ́tà tó dì, tí wọ́n fi aṣọ wé, sí i fún ìṣẹ́jú 10 sí 15 ní ọjọ́ àkọ́kọ́, nítorí ìrora nìkan. Abẹ́rẹ́ kẹ́míìsì tí wọ́n ń gún fún yín kẹ́ ẹ lè gbá bọ́ọ̀lù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀. Ó ń pa ìrora tó yẹ kó dá yín dúró, àwọn kan nínú rẹ̀ sì ń ba inú àti kíndìnrín jẹ́.

Iṣẹ́ tó kù, ọwọ́ rẹ ló wà. Dúró lórí ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan nígbà tí o bá ń fọ eyín láàárọ̀ àti lálẹ́, sún mọ́ ògiri kí o má ṣubú. Tó bá ti ń rọrùn fún ìṣẹ́jú àáyá 30, dijú. Tí ìyẹn náà bá rọrùn, la ojú, dúró lórí ìrọ̀rí tí o ká po. Wá rọ́bà inú táyà ọ̀kadà, gé e, so ó mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, fi kọ́ àtẹ́lẹsẹ̀, kí o máa tì í síta díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ní ìsọ̀rí mẹ́ta. Máa gbé gìgísẹ̀ sókè lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ méjèèjì ní àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ọ̀tún nìkan. Kọjú sí ògiri, jẹ́ kí gìgísẹ̀ kan ilẹ̀, ti orúnkún síwájú títí á fi kan ògiri. Fi ẹsẹ̀ òsì ṣe é náà kí o lè mọ ìyàtọ̀. Ìrora díẹ̀ nígbà tí o ń ṣe é kò sóhun tó ṣe. Tó bá wú lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, o ti ṣe é jù, dín in kù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni kí o fi sọ́kàn, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ; lígámẹ́ńtì tó já lè tó ọdún kan kó tó le tán. Àwọn èèyàn kì í fẹ́ gbọ́ ìyẹn, wọ́n á ní físíò kan ń fa ọ̀rọ̀ gùn kó lè gba owó ni. Ọ̀fẹ́ ni fífọ eyín lórí ẹsẹ̀ kan.

Kódà bí okùn náà bá já tán, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò nílò iṣẹ́ abẹ. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí la kọ́kọ́ ń dán wò. Tó bá tó oṣù mélòó kan tí o ti ń ṣe é dáadáa, tí ẹsẹ̀ náà ṣì ń yí, tàbí tí ìrora jíjìn kan wà nínú oríkèé tí kò lọ, tàbí tó ń há, dókítà eegun ló kàn.

Ìdíje ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, má gbá a. Wàá padà sórí pápá lọ́jọ́ tí o bá lè gbé gìgísẹ̀ ọ̀tún sókè ní ìgbà 20 láìdúró, tí o lè fi ẹsẹ̀ yẹn nìkan fò síwájú àti sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí o ṣe ń fi òsì fò, tí o sì lè sáré kí o yà bìrí láìrònú nípa rẹ̀. Nígbà náà, lo báńdéèjì ọrùn ẹsẹ̀ olókùn, èyí tí wọ́n ń dì bíi bàtà, fún sáà bọ́ọ̀lù kan ó kéré tán. Ó ń dín rírọ́ kù fún ẹni tó ti rọ́ tẹ́lẹ̀. Tí kápútẹ́ẹ̀nì yín bá ní ẹ̀rù ló ń bà ọ́, fún un ní ìdáhùn yìí kà.